Wọ́n ní iṣan ọrùn mi dára: ṣé mo lè jáwọ́ nínú oògùn táńsọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Aṣọ ni mo ń tà, ọmọ ọdún 52 ni mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan wá yẹ ọkàn wa wò lọ́fẹ̀ẹ́ nítòsí ọjà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọbìnrin kan fi nǹkan kan tó jọ ẹ̀rọ ìgẹrun sí mi lọ́rùn, wáyà rẹ̀ so mọ́ fóònù. Ó fi iṣan mi hàn mí nínú fóònù náà, ó ní "ó dára, kò wú." Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lo oògùn táńsọ̀n, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ báyìí? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ṣábẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, orí àga ló ń sùn. Ṣé kó dúró de àwọn ẹlẹ́rọ yìí? Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn náà. Ẹgbẹ́ wa sì fẹ́ dáwó ra irú ẹ̀rọ yìí kan. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí, àárín lẹ sì fi èyí tó gbóná jù sí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú un.

Ẹ̀gbọ́n yín kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kí èémí má há a láyà, tó wá sọ àga di ibùsùn, a kì í dúró kí ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ wá bá a lójúde. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni èmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ṣábẹ̀. Kí wọ́n gbé e lọ lónìí. Bí wọ́n bá rí mọ́tò, kí wọ́n má fi zẹ́mìjàn, ìyẹn alùpùpù akérò, gbé e, kí wọ́n sì jẹ́ kó jókòó nàró lọ́nà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó sùn sẹ́yìn ọkọ̀ "kó lè sinmi". Ìdùbúlẹ̀ yẹn gan-an ló ń pa á lára. Bó bá di pé kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹ, òru ni o, ọ̀sán ni o, kí wọ́n gbéra. Tí wọ́n bá dé ọ̀hún, kí wọ́n sọ ohun tí ẹ sọ fún mi yìí gẹ́lẹ́: ìgbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, iye ìrọ̀rí tó ń lò kó tó di pé ó bọ́ sórí àga, bóyá ikọ́ máa ń jí i lóru. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan àgbo. Kò sí ẹni tó máa bá a wí nítorí àgbo. A kàn ní láti mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín yìí ló máa jẹ́ kí n lè ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún, nítorí irú rẹ̀ gan-an la ṣe ń wo iṣan ọrùn.

"Iṣan" la máa ń pe gbogbo ohun tó rí gbọọrọ lára ènìyàn. Èyí tí à ń fi gbé ẹrù, iṣan ni. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, méjì ni. Iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Iṣan àbọ̀ ń kó o padà wálé. Ní ọrùn, àwọn méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ni. Bí ẹ bá fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun yín, tí ẹ rí i pé nǹkan kan ń lù kì, kì, kì, àlọ nìyẹn. Àbọ̀ rọ̀, bí ẹ bá ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ti pẹlẹbẹ. Àbọ̀ yìí ni ọmọbìnrin yẹn ní kò wú.

Ẹ̀yin ará Kétu, Àkàbà Ìdẹnà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yín, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Ẹ jẹ́ ká ní odi ìlú ṣì dúró ṣinṣin, tí àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń gba ẹnubodè yẹn wọlé nírọ̀lẹ́. Bí oníbodè bá jáfáfá, èrò á máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú ọ̀nà ìta á sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti rẹ oníbodè, àwọn tó ru iṣu àti àwọn tó ru igi á máa tò sẹ́yìn ara wọn. Ẹni tó bá wà lókè odi kò nílò kó rí ojú oníbodè kó tó mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí èrò ṣe tò jìnnà tó lójú ọ̀nà ti sọ fún un. Apá ọ̀tún ọkàn ni oníbodè, iṣan àbọ̀ ọrùn sì ni ojú ọ̀nà tó wọlé láti òkè. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ tò dé nínú ọrùn là ń wọ̀n, kò sí nǹkan míì. Ojú ọ̀nà míì tún wọlé láti ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín fi ń wú: èrò ti tò débẹ̀, omi ti ń jò jáde láti inú iṣan sínú ẹran ara.

Ìwọ̀n yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1930 ni Thomas Lewis, oníṣègùn ọkàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti fi han àwọn dókítà bí wọ́n ṣe lè fi ojú lásán wò ó. Egungun àyà yọ gọngọ díẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun, níbi tí egungun ìhà kejì ti so mọ́ ọn. Ẹ fọwọ́ pa á, ẹ ó bá a níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé àárín yàrá ọ̀tún ọkàn, sẹ̀ǹtímítà 5 la máa ń kà á sí. Aláìsàn á fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kò ní jókòó tán, kò sì ní sùn tán. A ó wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ga dé nínú ọrùn, a ó wọ̀n ọ́n lóòró láti orí egungun yẹn, a ó wá fi 5 kún un. Ẹni tí tiẹ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ lókè egungun, ìyẹn 8 lápapọ̀, èrò ti ń tò lẹ́nu bodè rẹ̀ nìyẹn.

Ó rọrùn lẹ́nu. Lójú, kò rọrùn rárá. Iṣan tó hàn lójú awọ ọrùn kọ́ ló ṣeé gbára lé jù, èyí tó wà nísàlẹ̀ lábẹ́ ẹran ni. Òun fúnra rẹ̀ kì í hàn, bó ṣe ń mú awọ mì rìrì nìkan là ń wò. Bí ọrùn bá kúrú tó sì sanra, tàbí tí iná bá lọ nírọ̀lẹ́ tó jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣì fóònù là ń tàn, dókítà mẹ́ta á wo ọrùn kan, wọ́n á sọ ohun mẹ́ta. Èmi náà ti wà lára àwọn mẹ́ta yẹn rí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré yìí ti wúlò. Ẹkógíráfì ni, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú. Ohùn tó ga ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ ló ń rán wọ inú ara; bí ohùn bá ti kan nǹkan, á ta padà, ẹ̀rọ á wá fi ìró tó padà yẹn ya àwòrán. Ní ọdún 1953 ni Inge Edler àti Hellmuth Hertz kọ́kọ́ fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ wo ọkàn ní ìlú Lund, ní Swídìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù là ń tì kiri ilé ìwòsàn. Nǹkan bí ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò. Jẹ́ẹ̀lì tútù tí wọ́n fi pa yín lọ́rùn kì í ṣe oògùn. Atẹ́gùn tó bá wà láàárín ẹ̀rọ àti awọ á dá ohùn padà kó tó wọlé, jẹ́ẹ̀lì ló ń lé atẹ́gùn yẹn kúrò.

Nínú àwòrán, ẹ̀yin fúnra yín á dá wọn mọ̀. Ihò dúdú méjì ni. Ọ̀kan rí róbótó, ara rẹ̀ nípọn, ó ń fò: àlọ. Èkejì ò ní ìrísí kan pàtó, bí ẹ bá mí sínú á sún kì, bí ẹ bá mí jáde á tún fẹ̀: àbọ̀. Ọ̀tún ọrùn la máa ń wò, nítorí àbọ̀ ọ̀tún ló lọ tààrà sínú ọkàn. A ó máa gbé orí ẹ̀rọ náà gòkè díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi dé ibi tí ihò yẹn ti pa dé. Ibẹ̀ ni òpin èrò. Ìwọ̀n Lewis yẹn náà ni, kìkì pé àwòrán là ń wò, kì í ṣe awọ tó ń mì.

Ẹ jẹ́ n sọ àṣìṣe kan fún yín, tèmi ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mo fi orí ẹ̀rọ sí ọrùn ìyá arúgbó kan, mo wá a títí, n kò rí àbọ̀ rárá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé omi ara rẹ̀ ti gbẹ, pé kí wọ́n fa omi sí i lára. Ọ̀gá mi wá, ó rọra gbé ọwọ́ mi sókè ní ìwọ̀n ewé kan, iṣan náà sì là gbayawu nínú àwòrán, ó kún bámúbámú. Èmi ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti fa omi yẹn sí i, a ò bá ti rì ín. Láti ọjọ́ náà, ìka ọwọ́ mi kékeré ló máa ń jókòó sí egungun ọrùn aláìsàn, kí ọwọ́ má baà wúwo. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rọ yìí kò nílò ẹ̀kọ́, pé ohun tó wà nínú fóònù á sọ gbogbo rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì máa lọ.

Ohun kan wà nínú ìwé yín tó mú mi dúró: ẹ ní ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, àbọ̀ ọrùn rẹ̀ á kún, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko. Ẹni tó bá jókòó nàró, tirẹ̀ á ṣófo, nítorí ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Bí ìdajì ìjókòó là ń fẹ́. Ní ìjókòó, bí iṣan yẹn bá kún lókè egungun èjìká, ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá kún, ohun tó sọ kò ju pé kò tíì burú gan-an lọ. Ó tún yẹ kí ọmọbìnrin náà ní kí ẹ di imú àti ẹnu, kí ẹ fún bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́. Ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń sọ ọ́ fún wọn, gbogbo yàrá á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá, iṣan yẹn á fẹ̀ ní ìlọ́po mélòó kan lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀, kò ní fẹ̀ kọjá bó ṣe wà, kò sí àyè mọ́. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí kò nílò rúlà.

Ní báyìí, oògùn yín.

Ẹ má fi í sílẹ̀. Ohun tí wọ́n wọ̀n ní ọrùn yín kì í ṣe táńsọ̀n. Táńsọ̀n jẹ́ agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan àlọ, apá la ti ń wọ̀n ọ́n, 120, 140, 180. Ti àbọ̀ ọrùn kò tó nǹkan rárá: sẹ̀ǹtímítà omi 8 tí mo dárúkọ lókè, bí a bá fi òṣùwọ̀n táńsọ̀n kà á, kò ju bíi 6 lọ. Ènìyàn lè ní 190 ní apá kí àbọ̀ ọrùn rẹ̀ má wú rárá. Mo ń rí wọn lójoojúmọ́, wọ́n á rìn wọlé, wọ́n á ní orí díẹ̀ ló ń fọ́ wọn, tàbí pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n, ìyàwó ló fipá mú wọn wá.

Ìdí rẹ̀ ni pé apá òsì ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde sínú àlọ, òun ló ń ru ẹrù táńsọ̀n. Ó lè rù ú fún ọdún 10 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ láìráhùn, ara rẹ̀ á kàn máa nípọn sí i bí apá alágbẹ̀dẹ. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́yìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ló ń fa kí ènìyàn má lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tó kún á wá di ẹrù lórí apá ọ̀tún. Ìgbà tí apá ọ̀tún náà bá rẹ̀ ni ọrùn tó wú. Ọrùn ni ibùdókọ̀ ìkẹyìn lójú ọ̀nà yìí, ẹni tó bá ń dúró síbẹ̀ wo táńsọ̀n, ọkọ̀ ti ba ohun púpọ̀ jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwádìí kan tó ń jẹ́ THESUS-HF jáde ní 2012. Àwọn 1,006 tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn nítorí pé agbára ọkàn wọn ti dínkù ni wọ́n kà, ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, Nàìjíríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí wà lára wọn. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52. Ọjọ́ orí yín gan-an nìyẹn, ìyá wa. Nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, táńsọ̀n ló fà á.

Nítorí náà, "ó dára" tí ẹ gbọ́, ìròyìn ayọ̀ ni, mo bá yín yọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ kò tíì tò dé ọrùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn ọdún mẹ́ta yẹn ló dáàbò bò yín. Ẹni tí òjò kò pa nítorí pé ó gbé agbòòrùn kì í sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ owó rẹ̀ ló ń dà yín láàmú, tàbí pé ó ń fún yín ní ikọ́ gbígbẹ, tàbí ẹsẹ̀ wíwú, ẹ lọ sọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín. Onírúurú ló wà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣì lè pàdé àwọn míì tí wọ́n á fi ẹ̀rọ kan náà wo àlọ ọrùn, tí wọ́n á ní àwọn ń wá ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ kí rọpárọsẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti àbọ̀. Fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti fọwọ́ kàn díẹ̀ rí, tí ẹnu rẹ̀ yẹ̀ fún wákàtí kan tó sì padà bọ̀ sípò, dandan ni kí wọ́n wò ó. Fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dá àwọn dókítà wọn nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò sọ ní 2014 pé kí wọ́n má ṣe é, wọ́n sì tún un sọ ní 2021. Ohun tí àyẹ̀wò náà máa fà lẹ́yìn, ìpayà àti iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ, pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ.

Ó ku ti ẹgbẹ́ yín. Ẹ má rà á. Butterfly iQ, ọ̀kan lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017, wọ́n polówó rẹ̀ nígbà náà pé kò tó dọ́là 2,000, àwọn ènìyàn sì pariwo pé kò wọ́n. Ní sẹ́fà, mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ nìyẹn, kí ẹ tó san owó ẹni tó máa kọ́ yín. Owó yẹn á ra ẹ̀rọ táńsọ̀n tí wọ́n ń dè mọ́ apá fún gbogbo ìlà ọjà yín, á sì tún ṣẹ́kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á ní 2021 pé nínú àwọn àgbàlagbà ọmọ ọdún 30 sí 79 bíi bílíọ̀nù 1.28 tó ní táńsọ̀n láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Àwọn yẹn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́jà tí wọ́n ń na aṣọ, ẹ̀rọ apá ló sì máa rí wọn.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ẹ̀rọ ọrùn. Bó bá kàn mí, gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú irú ẹ̀gbọ́n yín ní abúlé ni n bá fún ní ọ̀kan, kó lè mọ ọjọ́ tó yẹ kí oògùn tó ń mú ni tọ̀ pọ̀ sí i àti ọjọ́ tó yẹ kó dínkù, láìjẹ́ pé wọ́n rìn wá sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. N bá fi wo ìyá ọmọ tuntun tí wọ́n ní "ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ", nígbà tó jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀. Mo ti rí bíi mélòó kan nínú wọn tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn dé.

Ní tiyín, ẹ yá ẹ̀rọ apá, tàbí kí ẹ ra ọ̀kan. Ní àárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, àti ní alẹ́, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba, ẹ má dè é lé aṣọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bó bá ń ju 135 lókè tàbí 85 nísàlẹ̀ lọ nílé, a jẹ́ pé oògùn náà kò tíì tó. Ṣùgbọ́n ìròyìn ẹ̀gbọ́n yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ o, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí.